Ẹ ti ilẹ̀kùn ná kí ẹ tó pariwo olè: bí wọ́n bá jí nọ́ńbà káàdì yín

Bọ́tìnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ni mò ń tà ní Balógun, Ìyá Bọ́tìnì sì ni gbogbo ọjà ń pè mí. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò ṣiṣẹ́ ní bánkì, mi ò sì kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí tiyín lè sàn ju tèmi lọ bó bá dé.

Máṣíìnì wífìn ni mo fẹ́ rà fún ọmọ mi obìnrin, èyí tí àwọn aránṣọ fi ń wé etí aṣọ kó má baà tú. Mo rí i lórí Facebook, iye tí wọ́n kọ sí i kéré gan-an sí ti Ìdúmọ̀tà. Èmi tí mo ti ń bá èèyàn nájà láti ọgbọ̀n ọdún, tí mi kì í san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè, mo gba iye tí ẹni tí mi ò rí ojú ẹ̀ pè. Mo tẹ orúkọ mi, mo tẹ nọ́ńbà fóònù mi kí wọ́n lè gbé e wá sílé. Mo tẹ nọ́ńbà gbọọrọ iwájú káàdì, mo tẹ oṣù àti ọdún tí káàdì máa kú, mo tẹ nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn. Ojú ìwé náà ń yí, ó ń yí, ó wá ní kò lọ, kí n padà wá lọ́la. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ní Ẹbúté Mẹ́ta tí mò ń gbé, kò sí ẹ̀bi tí a kì í gbé ru nẹ́tíwọ̀kì.

Ọjọ́ kẹta ẹ̀, ní aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, fóònù mi gbọ̀n lórí ìdérí ìkòkò tí mo gbé e lé. Álẹ́ẹ̀tì ni: 100 náírà ti jáde. Mo ní àwọn bánkì tún ti dé, owó álẹ́ẹ̀tì ni wọ́n yọ. Mo kọjú sí ògiri. Kò pẹ́, ó tún gbọ̀n: 48,500. Kí n tó fọwọ́ tá gíláàsì ojú mi rí nínú òkùnkùn, 48,500 mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí 100 náírà yẹn díẹ̀, torí òun ni ì bá jí mi dìde. Gbájúẹ̀ tó bá rí nọ́ńbà káàdì kì í sábà fi owó ńlá bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ fi owó táṣẹ́rẹ́ dán an wò, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, kó lè mọ̀ bóyá káàdì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ àti bóyá onílé ti sùn. Bí ẹ bá rí owó kékeré tó jáde tí ẹ ò mọ ohun tó rà, ẹ má ṣe sọ pé kí ni 100 náírà máa ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ dìde.

Èmi ò dìde bó ṣe yẹ. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ké "Yéè! Wọ́n ti pa mí!" Mo kan ògiri pe Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá kejì, òun náà dé, àwa méjèèjì jọ ń ké. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko la fi ké. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Ṣómólú ló wá gbé fóònù rẹ̀ nígbà tó yá, ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ilẹ̀kùn ná, kí ẹ tó pariwo olè."

Bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn ọ̀hún nìyí. Bí áàpù bánkì bá wà lórí fóònù yín, ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Cards sí, ẹ máa rí Freeze tàbí Block níbẹ̀. Freeze dà bí ìgbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè ṣí i padà. Block ní tirẹ̀ ti pa káàdì náà pátá, tuntun lẹ máa gbà. Lóru tí orí kò tíì pé, ẹ tẹ Freeze. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tó sì dá yín lójú pé olè ni, ẹ ní kí bánkì pa á. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn ti Freeze, ó ti tó. Kò tó. Nọ́ńbà yẹn ti wà lọ́wọ́ olè, ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé tí ẹ ṣí i, wọ́n ń dúró.

Bí kò bá sí áàpù, ẹ lo kọ́ọ̀dù tí a máa ń tẹ̀ láì ní dátà. First Bank ń lo 894, GTBank 737, Access 901, UBA 919, Zenith 966, àwọn yòókù náà ní tiwọn. Ìrù tí a ń so mọ́ nọ́ńbà yìí láti ti àkáǹtì ló yàtọ̀ láti bánkì kan sí òmíràn, aago méjì òru kì í sì í ṣe àkókò tí èèyàn ń wá a. Ẹ béèrè tiyín lọ́wọ́ bánkì lónìí. Èmi ti fi máàkà kọ tèmi sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, Ìyá Ìbejì náà sì mọ ibẹ̀, torí ìgbà mìíràn fóònù ẹlòmíràn lẹ máa fi ṣe é. Ẹ ṣáà rántí pé bí ẹ bá ti gbogbo àkáǹtì pa, ẹ̀yin náà ò ní lè fi owó ránṣẹ́ títí wọ́n á fi ṣí i. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ó máa dùn yín. Ẹ fara dà á.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì. Láti ọdún 2015 ni CBN, bánkì ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn bánkì yòókù, ti ní kí àwọn bánkì ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn jìbìtì tọ̀sán tòru. Orin ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ fún yín létí, ẹ má gbé e sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá dáhùn, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn.

Mo tẹ Freeze bí àbúrò mi ṣe ń júwe. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, fóònù tún gbọ̀n: wọ́n fẹ́ fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kò lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó mí. A wá kó owó tó kù lọ sí àkáǹtì mi kejì tí kò ní káàdì rárá.

Ní àárọ̀, mo wà nínú bọ́ọ̀sì lórí Afárá Carter, gósíloo ti dì, ni fóònù mi dún.

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Láti bánkì yín ni, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jìbìtì. A rí i pé wọ́n fa owó yín lóru. Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ má bínú."

Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, ohùn rẹ̀ tutù, Yorùbá rẹ̀ dùn bí ti ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó pe orúkọ mi. Ó ka nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ lára káàdì mi, mo yọ káàdì nínú pọ́ọ̀sì, ó bá a mu rẹ́gí. Ó ka oṣù àti ọdún, ó bá a mu.

"Owó yín ti ń padà bọ̀ mà. Nọ́ńbà kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, ẹ kà á fún mi kí n lè fi tì í wọlé."

Nọ́ńbà náà wọlé lóòótọ́. Oòrùn ń ta sí ojú fóònù, mi ò rí i dáadáa, mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan kí n wọ gíláàsì. Ó ní kí n yára mà, kí ó má kú. Ibi tó ti ní kí n yára yẹn ni mo ti rọra kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ nọ́ńbà náà ni pé kí n fi ṣí áàpù bánkì sórí fóònù tuntun, àti pé kí n má ṣe fi han ẹnikẹ́ni. Fóònù tuntun wo? Tèmi yìí ti pé ọdún mẹ́rin, ojú rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, fóònù tuntun ta ni?" Ó gé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa. A ti ti ilẹ̀kùn káàdì lóru, wọ́n wá gba ojú fèrèsé wọlé. Ká ní mo ka nọ́ńbà yẹn fún un, gbogbo àkáǹtì mi ni ì bá wà lórí fóònù rẹ̀, títí kan èyí tí mo kó owó lọ sápamọ́ sí. Orúkọ mi, nọ́ńbà fóònù mi, oṣù àti ọdún, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ fún wọn lọ́jọ́ máṣíìnì. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ tó kà tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ ńkọ́? Nígbà tí mo délé, mo gbé káàdì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Ìbejì, bánkì kan náà la jọ ń lò. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára mu! Nọ́ńbà bánkì ni, kì í ṣe tèmi. Gbogbo ẹni tó bá ní irú káàdì yẹn ní bánkì yẹn ló ní in. Kódà, èyí tó bá ti fi 4 bẹ̀rẹ̀, Visa ni. Ẹni tó bá kà á fún yín kò tíì sọ ohunkóhun tó jẹ́ àṣírí yín.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá pè yín lẹ́yìn tí wọ́n jí yín lówó, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba, ẹ gé e, kí ẹ̀yin fúnra yín pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì. Bánkì kò nílò OTP yín, ìyẹn nọ́ńbà tó máa ń wọlé sórí fóònù fún ìgbà kan ṣoṣo, láti dá owó padà fún yín. Wọn ò nílò PIN, wọn ò nílò nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì. Ẹ sì má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta léèsì ní òpópónà kejì fi tiẹ̀ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan torí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan yẹn fa owó rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ.

Bánkì wá kàn. Kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́, aago, iye, àti orúkọ tó wà nínú álẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìtumọ̀ létí yín. Inú ìwé tí mo ń kọ orúkọ àwọn onígbèsè mi sí ni mo kọ tèmi sí, ojú ewé tuntun. Ẹ ya fọ́tò àwọn álẹ́ẹ̀tì, ẹ má pa wọ́n rẹ́. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání. Kí ẹ sì kọ lẹ́tà, ẹ̀dà méjì: ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ gbé e lọ sílé. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni mo fi ja ìjà mi. Ẹni tó bá fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀ ní bánkì, bí ẹni sọ̀rọ̀ fún afẹ́fẹ́ ni.

Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní Broad Street kọ́kọ́ sọ fún mi pé, "Màmá, gbogbo nọ́ńbà káàdì yín ló pé, ó jọ pé ẹ̀yin náà lẹ rà á." Mo dúró wò ó. Àbúrò mi ti kọ́ mi ní ìbéèrè kan, ẹ̀yin náà ẹ há a sórí: ṣé wọ́n tẹ OTP kí owó yìí tó lọ? Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó ní rárá, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti fà á.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà níbí, OTP máa ń wọlé sórí fóònù ká tó lè san owó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìtajà lókè òkun kì í béèrè rẹ̀. Nọ́ńbà iwájú, ọjọ́ tí káàdì máa kú àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn ti tó wọn. Olè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé káàdì wa lọ. Àmọ́ oníṣòwò tí kò béèrè OTP ni gbèsè sábà máa ń já lé lórí bí ẹni tó ni káàdì bá ní òun kọ́. Bánkì yín á kọ̀wé sí bánkì oníṣòwò náà pé kí wọ́n dá owó padà, chargeback ni wọ́n ń pè é. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko. Ó ní ọjọ́ tó máa tán. Visa àti Mastercard sábà máa ń fún irú ẹjọ́ yìí ní 120 ọjọ́, ẹ má wulẹ̀ dúró dìgbà yẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ka OTP fún olè, ọ̀rọ̀ máa le, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ ṣì fi ẹ̀sùn sùn.

Bó bá jẹ́ pé àkáǹtì Nàìjíríà kan ni wọ́n fi owó yín ránṣẹ́ sí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ chargeback mọ́, eré ìje ni. Ẹ ní kí bánkì yín pe bánkì kejì kí wọ́n dì owó náà mú níbẹ̀ kí olè tó gbà á lọ́wọ́ oní-POS.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni CBN fún bánkì láti yanjú ẹ̀sùn. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà, cpd@cbn.gov.ng, tàbí kí ẹ gbé lẹ́tà lọ sí ẹ̀ka wọn. Ti Èkó wà ní Tinúbú, mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi ẹ̀dà olóǹtẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí mo sọ fún ọmọbìnrin bánkì pé Tinúbú ni mo ti ń bọ̀, àga ló kọ́kọ́ fún mi.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin wà. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ní ẹni tó bá fi káàdì ẹlòmíràn lu jìbìtì lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún méje, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Àwọn ọlọ́pàá ní ẹ̀ka kan fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí, EFCC náà sì ní ọ́fíìsì ní Ìkòyí. Èmi ò lọ, 97,100 náírà ò tó ohun tí mo máa ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀. Bí tiyín bá pọ̀, ẹ lọ.

Ohun tí mo ń rò títí ni ibi tí wọ́n ti rí nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì. Àbúrò mi ní òfin àwọn ilé iṣẹ́ káàdì kò gbà kí oníṣòwò kankan tọ́jú nọ́ńbà yẹn lẹ́yìn tí owó bá ti lọ. Bó bá dé ọwọ́ olè, a jẹ́ pé ibi tí èèyàn ti ń tẹ̀ ẹ́ gan-an ni wọ́n ti gbà á. Tèmi, ayédèrú ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ni, ọjà kankan ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀ ní ojúlé gidi. Ní ọdún 2018, àwọn olè kó kọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà sínú ojúlé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú British Airways, ó ń jí nọ́ńbà káàdì àwọn èèyàn gbé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àjọ tó ń dáàbò bo àṣírí aráàlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu ìtanràn 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé ilé iṣẹ́ náà ní 2020. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òmùgọ̀ nìkan ni wọ́n ń jà lólè.

Mo tún ti gbà pé àgádágodo kékeré tó máa ń wà lókè ojúlé ni ẹ̀rí òótọ́. Rárá o. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn ò lè yọjú wo ohun tí ẹ̀ ń tẹ̀ lójú ọ̀nà. Olè náà lè ra àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orúkọ ojúlé ni kí ẹ máa kà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní tèmi, wọ́n fi lẹ́tà kan kún orúkọ ilé ìtajà tí gbogbo ayé mọ̀, ojú mi fò ó.

Bí mo ṣe ń ṣe báyìí: káàdì tuntun mi wà lórí àkáǹtì kékeré kan tí mi kì í fi owó sí àyàfi ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ra nǹkan. Iye ọjà ni mo máa ń fi sí i, kò lé. Mo kọ nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì síbì kan, mo wá fi abẹ ìránṣọ ha á kúrò lára rẹ̀. Áàpù bánkì mi ní ibi tí mo ti lè pa ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, pípa ló máa ń wà. Ilé ìtajà tó bá ní kí òun bá mi tọ́jú káàdì sílẹ̀, mo máa ń sọ pé rárá, mo sì ti wọ inú àwọn èyí tí mo ti lò tẹ́lẹ̀ lọ yọ káàdì ògbólógbòó kúrò, mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé ti ímeèlì mi náà. PIN ló le jù láti ṣọ́, torí àwọn ojúlé ìsanwó gidi níbí máa ń béèrè rẹ̀ nígbà mìíràn, ojú wa ti mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ẹ ń fura sí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbà kí n sanwó nígbà tí ọjà bá délé, ọ̀nà yẹn ni mò ń gbà.

Ìdúmọ̀tà ni mo ti padà ra máṣíìnì wífìn náà. Mo ná an fún wákàtí kan àti ààbọ̀, mo tún gba abẹ́rẹ́ páálí kan lé e.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni 97,000 wọlé padà. 100 náírà àkọ́kọ́ yẹn kò sí níbẹ̀. Mo padà lọ, mo ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Báyìí, bí ọmọbìnrin yẹn bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, á ti máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Màmá, a ṣì ń wá a o."